Bíréèkì tó há: àbọ̀ ìkẹyìn

Ẹ̀yin ará, mo kọ ọ́ síbí ní ìjẹta pé táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ mi kọ̀ láti yí, lẹ́yìn tí mo fa bíréèkì ọwọ́ tí mo sì fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ nínú òjò Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mẹkáníìkì ti tú u. Ìpẹtà inú dúróòmù, ìyẹn irin roboto inú táyà tí bíréèkì máa ń tẹ̀ mọ́, kéré, sáńpépà sì mú un kúrò. Wáyà bíréèkì ọwọ́ gan-an ló dípẹtà nínú rọ́bà tó bò ó, tí kò fi lè padà sẹ́yìn bí mo tilẹ̀ sọ ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀. A ti pààrọ̀ wáyà náà. Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ ẹni tó kìlọ̀ pé kí n má fi agbára wà á. Láti ìsinsìnyí, bí ọkọ̀ yóò bá pẹ́ nílẹ̀, ibi tó tẹ́jú ni n ó gbé e sí, n ó fi í sí jíà kìíní, n ó sì fi òkúta dí táyà.