Pákó lára ògiri pálọ̀: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀:
Láti ìgbà tí mo ti lanu pé mo fẹ́ fi pákó bo ògiri pálọ̀, fọ́tò ni gbogbo èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí mi. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tò lóròó sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ó wuyì lóòótọ́. Àmọ́ káfíńtà tí mo pè kò tiẹ̀ wo fọ́tò. Ògiri tó kọjú síta ló lọ bá, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e nísàlẹ̀, ó fi èékánná ha ọ̀dà, ọ̀dà sì ń bọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ògiri yín ń mumi." Àárín òjò la wà nígbà náà. Ó ní tí a bá lẹ MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, mọ́ ọn, yóò wú bí búrẹ́dì tó já sínú tíì.

A wá fi ògiri yẹn sílẹ̀. Èyí tó pín pálọ̀ sí yàrá la fi pákó bò, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré láti ilẹ̀, a sì kun òkè rẹ̀ ní funfun. Bàbá wọn fẹ́ kó kan àjà, ṣùgbọ́n fèrèsé kan ṣoṣo la ní, a ò ní máa tan iná lọ́sàn-án. Gbogbo epo ọwọ́ àwọn ọmọ kì í sì í ga ju ìbàdí mi lọ. Ẹ̀yin ńkọ́?

Káfíńtà, Ayétòrò:
Ẹ kú ìnáwó, Ìyá Ìbejì. Ọ̀gá yẹn mọṣẹ́. Èmi fẹ́ràn èyí tí ahọ́n pákó kan ń wọnú ihò èkejì, torí ìṣó kì í hàn. Igi tútù ni ọ̀tá rẹ̀. Oníbàárà kan kánjú, ìkómọ ń bọ̀, ó ní ká fi igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ṣe é. Mo sọ, kò gbọ́. Ọyẹ́ dé, pákó sún kúrò lára ara wọn, ìlà funfun yọ káàkiri níbi tí fáníìṣì ò dé. Ní tèmi, inú yàrá tí a máa lò ó gan-an ni mo ń to pákó sí, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn, títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Mo sì ń kun ahọ́n rẹ̀ kí n tó kàn án. Ẹ má kàn án mọ́ ògiri tààrà o; ẹ kọ́kọ́ kan igi ìnṣì kan ní ìbú, kí afẹ́fẹ́ ráyè lẹ́yìn.

Ayálégbé, Alékúwodò:
Sukurú ni mo ní kí wọ́n fi dè é. Mo ti sọ fún láńlọ́ọ̀dù pé pákó mi ń bá mi lọ. Ó ní kí n ṣáà dí ihò rẹ̀.

Bàbá Àgbà, Ọ̀nà Ìbòkun:
Ẹ̀yin ọmọ, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ikán. Arère fúyẹ́, ó mọ́ lójú, kì í da káfíńtà láàmú, ṣùgbọ́n oúnjẹ ikán ni. A tú pákó kan nílé àbúrò mi: iwájú ń dán gbinrin, ẹ̀yìn ti di ihò àti erùpẹ̀. Ìrókò ni mo fi ṣe tèmi. Owó rẹ̀ ga, kò sì wuni lójú ní ìbẹ̀rẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ ní sùúrù, yóò dúdú fúnra rẹ̀. Igi apá náà dáa. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ onípákó, ẹ wo etí igi dáadáa: èyí tó funfun létí, ikán á jẹ ibẹ̀, ìrókò ni o, apá ni o. Inú igi nìkan ló le.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀:
Háà, Bàbá, arère ni tiwa! Mo ti pe káfíńtà kó wá tú ìsàlẹ̀ wò ní Sátidé. Oògùn ikán tí wọ́n ń fi kun ẹ̀yìn pákó, ṣé òórùn rẹ̀ kì í pẹ́ nílé? Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ní ikọ́ fée.