Orúnkún ń yẹ̀ tó bá fẹ́ ṣẹ́rí, X-ray sì ní kò sí nǹkan: kí ni ká ṣe?

Kóòṣì Àdúgbò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ ọdún 20 kan nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ń sáré, ó fẹ́ ṣẹ́rí lójijì, kò sẹ́ni tó fara kàn án. Ó ní nǹkan ró "pọ́ọ̀" nínú orúnkún ọ̀tún. Kí wákàtí 2 tó pé, ó ti wú. X-ray ní eegun kankan ò ṣẹ́. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ 3 báyìí, ó ń rìn dáadáa lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, àmọ́ tó bá ti fẹ́ yí, orúnkún á yẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Màmá rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, kí wọ́n fi òrí àti omi gbígbóná fà á. Òun alára fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn yín ṣe pàtàkì.

Fisio Orí Pápá: Ẹ kú àájò, Kóòṣì. Kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù kankan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìró yẹn, wíwú kíákíá, àti yíyẹ̀ nígbà tó bá ń yí: ACL, ọ̀kan nínú àwọn okùn tó so eegun orúnkún pọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí pé ó já, títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kì í ṣe òun. Ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń mú orúnkún wú láàárín wákàtí díẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹnísíkọ́ọ̀sì (ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun itan àti ojúgun nínú orúnkún) nìkan ló ya, ó máa ń di ọjọ́ kejì kó tó wú. Ní ti X-ray, eegun ló ń rí, kì í rí lígámẹ́ǹtì, ìyẹn okùn tó so eegun mọ́ eegun. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ẹran inú ara, ló ń fi ìyẹn hàn.

Lígámẹ́ǹtì ńlá mẹ́rin ló di orúnkún mú. MCL wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú, LCL lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde, ACL àti PCL sì gba ara wọn kọjá ní àárín gbùngbùn. ACL bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, níbi ìsàlẹ̀ eegun itan lápá òde, ó wá sọ̀ kalẹ̀ síwájú sórí eegun ojúgun. Kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 lọ, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó sẹ̀ǹtímítà 1. Òun ni kì í jẹ́ kí ojúgun yọ síwájú, òun náà ni kì í jẹ́ kó lọ́ jù lábẹ́ itan. Ẹran itan lè bá ọmọ yìí gbé ìrìn tààrà. Tó bá di pé kó ṣẹ́rí, apá ẹran itan nìkan ò ká a. Nítorí náà, rírìn dáadáa kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti san.

(PCL nípọn ju ACL lọ, kì í jẹ́ kí ojúgun sún sẹ́yìn. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù nínú ìjàǹbá mọ́tò ló sábà máa ń já tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ yín ò jọ ìyẹn.)

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Eegun: Ẹ fi sùúrù bá Màmá sọ̀rọ̀. Àárín oríkèé ni ACL wà, lẹ́yìn eegun pẹlẹbẹ iwájú orúnkún. Ọwọ́ tó ń fi òrí pa á lóde ò lè dé ibẹ̀. Tí wọ́n bá wá fi agbára ká a tàbí fà á, mẹnísíkọ́ọ̀sì tó ya díẹ̀ lè ya pátápátá.

Ẹ bi í: ṣé ó lè na ẹsẹ̀ náà tán bí èkejì? Ṣé orúnkún máa ń há, tí kò ní lè nà tàbí ká? Ṣé ó lè gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè? Iṣan ìmọ̀lára kan yí ọrùn eegun tín-ín-rín ẹ̀gbẹ́ ojúgun ká, ìjàǹbá LCL lè ba ìyẹn náà jẹ́. Tí ẹsẹ̀ bá tutù, tó funfun tàbí tó kú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà lóru, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá gba ẹ̀yìn orúnkún.

Kóòṣì Àdúgbò: Ẹ ṣeun, mà. Kò há, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè, kò sì tutù. Àmọ́ kò nà tán, ó kù díẹ̀.

Ọmọ City: Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ yẹn jù. Rodri, agbábọ́ọ̀lù Manchester City, já ACL tirẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án 2024, ó ti padà sórí pápá lóṣù Karùn-ún 2025.

Fisio Orí Pápá: Ìparí eré ni wọ́n fi í sí lọ́jọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń gba owó oṣù ló sì ń ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Van Dijk já tirẹ̀ lóṣù Kẹwàá 2020, kò sì gbá bọ́ọ̀lù fún Liverpool mọ́ títí sáà yẹn fi parí. Ẹ má fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n.

Kóòṣì, "kù díẹ̀" yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kó dùbúlẹ̀, kó ká aṣọ ìnura sábẹ́ gìgísẹ̀, kí orúnkún dá wà lófuurufú, ìṣẹ́jú 10, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ má kó ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún o, ó ń tù ú lára ni, àmọ́ ó ń mú kó wọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà kó fún ẹran iwájú itan pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, kó tú u, lẹ́ẹ̀mẹwàá mẹ́wàá. Tí ẹran yẹn bá ti jí, kó gbé ẹsẹ̀ gbọọrọ sókè. Tí orúnkún bá ń tẹ̀ bó ṣe ń gbé e, kò tíì tó àkókò fún ìwọ̀n kankan. Yìnyín tí a fi aṣọ wé, ìṣẹ́jú 15 sí 20, tó bá tún wú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ síwájú pẹ̀lú irin, kó jìnnà sí i báyìí, torí ó ń fa ojúgun síwájú, ibi tí ACL ti ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Àyẹ̀wò ọwọ́ tó dára jù ni Lachman: a ká orúnkún sí dígírì 20 sí 30, a fi ọwọ́ kan di itan mú, a fi èkejì fa ojúgun síwájú. Ẹsẹ̀ tó yá la kọ́kọ́ ń dán wò. Tí èyí tó ń dùn ún bá rìn síwájú jù ú lọ, tí kò sì ní ibi tó ti dúró gbọn-ín, ó ti já. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe é o. Tí ẹran ẹ̀yìn itan bá fún, àyẹ̀wò lè tan ènìyàn jẹ, pàápàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Dókítà Eegun: Fisio ti sọ ọ́ dáadáa. Mo fẹ́ fi ti iṣẹ́ abẹ kún un. MCL sábà máa ń jinná fúnra rẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀, ẹran ara sì yí i ká. Ti ACL yàtọ̀: omi inú oríkèé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì láàárín ojú ibi méjèèjì tó já, bí ẹni fẹ́ lẹ nǹkan lábẹ́ omi. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi rán an pọ̀ lásán lọ́pọ̀ ìgbà. Okùn mìíràn la máa ń fi rọ́pò rẹ̀, láti ẹ̀yìn itan tàbí iwájú orúnkún ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní yíyí àti fífò nínú lè fi eré ìdárayá gbé e. Ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, tí orúnkún sì ń yẹ̀, ni a sábà máa ń ṣe é fún, torí yíyẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ya mẹnísíkọ́ọ̀sì. Àmọ́ ẹ má sáré débẹ̀ nígbà tó ṣì wú, tí kò nà tán. Orúnkún tí a bá ṣe nírú ipò yẹn máa ń gan. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, okùn tuntun máa ń rọ̀ sí i lóṣù kejì sí ìkẹta, nígbà tí kò dun ọmọ mọ́, tó sì rò pé òun ti yá. Oṣù 9 ó kéré tán kó tó padà sí ìfigagbága, kí fífò ẹsẹ̀ kan rẹ̀ sì tó ìdá 90 nínú 100 ti èkejì.

Kóòṣì Àdúgbò: Mo dúpẹ́ gan-an, sà. Ṣé kí n ra ìdè orúnkún tó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un ná?

Dókítà Eegun: Ó wúlò fún MCL. Fún ACL, kò lè dá yíyẹ̀ dúró tó bá ṣẹ́rí lórí eré, ọkàn rẹ̀ á kàn balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi owó náà kún ti MRI. Tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ síbí: kò sẹ́ni tó gbá a, ó ró "pọ́ọ̀", ó wú láàárín wákàtí 2, ó ń yẹ̀ tó bá yí.