Ọ̀rọ̀ mọ́nì ọ́dà Amẹ́ríkà yẹn ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì o. Mo béèrè lọ́wọ́ yín bí mo ṣe lè san mọ́nì ọ́dà (ìwé owó tí wọ́n ń rà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ láti fi sanwó fún ẹlòmíràn) tí oníbàárà mi ní Amẹ́ríkà fi sanwó ìkòkò amọ̀ Ìsàn-Èkìtì sí àkáǹtì mi l'Ádó-Èkìtì. Ó ti parí báyìí.

Báńkì kò gbà á. Kì í ṣe ayédèrú o. A gbé e sí iná, àwòrán Benjamin Franklin hàn nínú bébà láti òkè délẹ̀, fọ́nrán tín-ín-rín tí wọ́n kọ USPS (ìyẹn ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà) sí náà wà níbẹ̀. Ohun tó dí wa lọ́wọ́ ni gbólóhùn kan lójú rẹ̀: Amẹ́ríkà àti àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń san án. Ti abẹ́lé ni oníbàárà rà. Ti òkè òkun, tí kì í kọjá 700 dọ́là, ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn ti ṣíwọ́ títà á láti oṣù kẹwàá 2024.

Ẹni tó ní kí n gbé e fáwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là, ẹ ṣé o, àmọ́ orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, n kò sì wá wàhálà.

Mo dá a padà fún oníbàárà. Ó fi owó ránṣẹ́ láti báńkì tirẹ̀ tààrà sínú àkáǹtì dọ́là mi. Owó iṣẹ́ tí wọ́n yọ dùn mí (ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ ní ìhà méjèèjì!), ṣùgbọ́n owó wọlé, ìyá tó mọ ìkòkò sì ti gba tiẹ̀. Láti ìsinsìnyí, n kò gba mọ́nì ọ́dà mọ́.