Lọ́ra kọ́ ni lọ́ràá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí láyè lórí “ìlọ́ra ọpọlọ” tí ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkéré-Èkìtì dá lábàá lánàá ní orúkọ Yorùbá fún bí ọpọlọ àgbàlagbà kì í ti í tètè fèsì mọ́. “Ìsopọ̀” tí wọ́n pe okùn tí apá ọpọlọ kan fi ń ránṣẹ́ sí èkejì kò bí mi nínú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àsopọ̀ ni èmi ìbá kọ, nítorí ohun tí ó ti so pọ̀ là ń wí, kì í ṣe síso rẹ̀. Lọ́ra ni n kò lè gbé mì.

Ẹni tí a rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ ni ó ń lọ́ra. Bàbá mi ti lé ní 80 ọdún. Bí mo bá bi wọ́n ní iye iṣu tí ó wà ní abà, wọn a gbójú sókè, wọn a máa fi àtàǹpàkò ka ìka wọn títí n ó fi rò pé wọn kò gbọ́. Wọn a wá dá iye náà pé, wọn a sì tún mẹ́nu ba méje tí mo yá léṣìí tí n kò tíì san. Ta ni ó lọ́ra níbẹ̀?

Ohùn ọ̀rọ̀ “lọ́ra” yìí ni ó tún burú jù. Ọ̀rá ni ó wé ọ̀pọ̀ nínú okùn tín-ín-rín wọ̀nyẹn. Èyí tí ọ̀rá wé dáadáa lè gbé iṣẹ́ lọ tó 100 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí èyí tí kò ní rárá kì í sábà ju mítà 1 tàbí 2 lọ. Bí ogbó bá dé, ọ̀rá náà a máa ṣá. Ọpọlọ tí ó lọ́ràá, bí a ti ń wí nípa ilẹ̀ oko, ni ó ń yára! Ẹ wá yọ àmì kúrò lórí “lọ́ra” àti “lọ́ràá”, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe níbí, kí ẹ wo ohun tí ó kù. (N kò tilẹ̀ tíì dé orí “opolo” aláìlámì, tí ń fò létí odò.)

Timothy Salthouse, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1996 pé bí ọpọlọ bá ń pẹ́ parí iṣẹ́ kan, ohun tí ó kọ́kọ́ mú jáde lè ti parẹ́ kí èyí tí ó kàn tó parí. Pípẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ìpẹ́jíṣẹ́ ni èmi dá lábàá dípò ìlọ́ra.

Ti ọgbọ̀n ọdún tí ẹ̀gbọ́n fi kọ́ni ní Yorùbá, àti ti “ulé” wa, bí àwa Èkìtì ti ń pe ilé, tí wọ́n ní kì í ṣe èdè ìwé, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn. Kí wọ́n ṣáà sọ èyí tí wọ́n lè pe bàbá tiwọn lójú wọn nínú ìlọ́ra àti ìpẹ́jíṣẹ́.