Refresh: "ìsọdọ̀tun" ni, àbí "àtúnpọn"?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá dábàá pé ká máa pe refresh inú Power BI (ohun èlò orí kọ̀ǹpútà tó ń fi àkọsílẹ̀ ṣe ìjábọ̀), ìyẹn bó ṣe ń lọ mú àkọsílẹ̀ tuntun wá, ní "ìsọdọ̀tun", ká sì pe refresh error ní "àṣìṣe ìsọdọ̀tun". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè fara mọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì, nítorí mo ti rí ohun tí wọ́n fà.

Níbi iṣẹ́ wa n'Íbàdàn, orí kọ̀ǹpútà kan nínú ọ́fíìsì ni àkọsílẹ̀ ọjà wà, orí rẹ̀ náà ni gateway tó ń gbé e lọ sínú ìjábọ̀ tí ọ̀gá ń wò wà. Aago mẹ́fà àárọ̀ la ṣètò refresh sí, ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ kò tíì dún. Ó kùnà lọ́jọ́ kìíní, ó ń kùnà bọ̀ títí di ọjọ́ kẹrin. Bí ìkùnà 4 bá sì tẹ̀ léra, Power BI á pa ètò náà. Iná ìbáà dé, kò ní í tan ara rẹ̀ padà, àfi kéèyàn wọlé lọ tan án. Èmi ni mo túmọ̀ ìkìlọ̀ náà fún ọ̀gá: "àṣìṣe ìsọdọ̀tun". Wọ́n gbọ́ "àṣìṣe", wọ́n béèrè ẹni tó ṣe é. Ọmọbìnrin tó ń tẹ ọjà sínú ìwé ló jẹ ìbáwí, kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Kò sí àṣìṣe tí kò lẹ́ni tó ṣì í ṣe. "Ìkùnà" kì í na ìka sí ẹnikẹ́ni.

"Ìsọdọ̀tun" ńkọ́? Ilé tó gbó là ń sọ dọ̀tun: a kùn ún lọ́dà, a pààrọ̀ páànù. Ojú ilé là ń tún ṣe. Refresh ò kan ojú ìjábọ̀. Ibi tí àkọsílẹ̀ wà ló ń padà lọ, láti bu tuntun wá. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe láàárọ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń tún omi pọn. Nítorí náà, "àtúnpọn" ni mo dábàá. Ẹni tó bá gbọ́ pé àtúnpọn kùnà á béèrè ohun tó yẹ: ṣé odò gbẹ ni, ṣé ọ̀nà dí, àbí wọ́n ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, tí ẹni tó ń ṣọ́ odò ò jẹ́ ká wọlé? Á sì rántí pé bí a ò bá rí omi pọn, omi àná ló kù nínú àmù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìjábọ̀ wa ṣe gbé iye owó ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn kalẹ̀, tó ń dán, tí ẹnì kankan ò fura.

Ẹnì kan á ní láìsí àmì ohùn, a lè kà á bí ẹni ń tún ọ̀bẹ pọ́n, tàbí ń tún ọmọ pọ̀n. Òótọ́ ni. Ká fi àmì sí i, ó tán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì lo "dátà" níbẹ̀. Ẹ sọ fún èèyàn pé dátà ò wọlé, káàdì ló máa lọ rà.

Ọ̀kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Ẹnì kan yí orúkọ tó wà lórí òpó (column) kan padà nínú Excel, láti "Iye" sí "Iye Owó". Odò kún, ọ̀nà là, síbẹ̀ àtúnpọn kùnà, nítorí orúkọ tí ìjábọ̀ ń wá ò sí níbẹ̀ mọ́. "Orúkọ-ò-bára-mu" ni mo ń pè é báyìí. Ó gùn jù. Ta ló ní èyí tó kúrú?