Fítámì D mi kéré nínú oyún: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa. Manchester ni mò ń gbé, oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 18. Ọ̀sẹ̀ 33 péré ni mo bí àkọ́bí mi, ojú mi rí màbo. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní fítámì D mi jẹ́ 22 nmol/L. Kò tó 25 rárá, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ 25 ni wọ́n ń kà sí àìtó níbí. (Oòrùn ibí kọ́ ni oòrùn Ìbàdàn!) Mò ń lo oògùn fítámì D 10 máíkírógíráàmù lójoojúmọ́, mo ń jẹ sàdíìnì àti ẹyin. Àǹtí mi ní kí n máa gbé mẹ́rin mì lẹ́ẹ̀kan, mi ò gbà. Mo kà pé àìtó fítámì D àti ìbímọ láìpọ́jọ́ sábà máa ń rìn pọ̀, àmọ́ kò tíì dájú pé oògùn fítámì D ń dènà irú ìbímọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé kí n ní kí dókítà fi kún ìwọ̀n oògùn mi, àbí 10 yìí náà tó?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo ti dúpẹ́ sílẹ̀.