Oko wa ń so dáadáa, kí ló dé tí ọmọ mi ń rù?

Ìyá Olóko (ẹni tó béèrè):
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ló gbé mi wá. Oṣù 14 ló wà báyìí. Nígbà tó wà lórí ọmú nìkan, gbogbo ẹni tó bá gbé e ló ń sọ pé ó wúwo. Láti ìgbà tó ti ń jẹun, ìlà ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì ò gòkè bó ṣe yẹ mọ́, oṣù mẹ́ta rèé tó ti dúró sójú kan.

Àgbẹ̀ ni èmi àti bàbá rẹ̀. À ń gbin àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ẹ̀fọ́, a sì ní adìẹ mẹ́jọ tó ń yé. Ebi ò pa wá lọ́dún yìí, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ìyá ọkọ mi ló ń dúró tì í nílé tí a bá ti jáde ní ìdájí, ó di ìrọ̀lẹ́ ká tó dé. Ẹ̀kọ àgbàdo ló ń mu láàárọ̀, òun náà ló tún ń mu lọ́sàn-án. Lálẹ́, ó máa ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ nínú abọ́ kan náà. Ó ṣì ń mu ọmú lóru. Ọjà ni ẹyin ń lọ, torí owó ajílẹ̀. Ẹnìkan ní kí n lọ ra oúnjẹ inú agolo, kò sówó ẹ̀. Kí ni mo lè fi ohun tó wà lọ́wọ́ mi ṣe?

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé:
Ẹ kú ìtọ́jú, mà. Ká tó dé orí oúnjẹ, ẹ bá mi wo nǹkan méjì láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì díẹ̀, kí ẹ wá gbé ọwọ́ kúrò. Bí ibẹ̀ bá jìn wọlé tí kò tètè kún padà, ẹ má dúró gba ìmọ̀ràn kankan mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Èkejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi téèpù wọn apá òsì rẹ̀, láàárín èjìká sí ìgbọ̀nwọ́. Fún ọmọ oṣù 6 sí 59, tí kò bá tó sẹ̀ntímítà 11.5, àìjẹunrekánú tó le gan-an nìyẹn. Tó bá wà láàárín 11.5 sí 12.5, ó nílò àmójútó kíákíá.

Ẹ̀kọ yẹn ni mo fura sí. Ṣé ó ṣàn? Inú ọmọdé kéré, kò gbà ju nǹkan bíi gíráàmù 30 lọ lórí kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ọmọ kílò 8, ife kékeré kan ló máa kún inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ omi ló pọ̀ jù nínú ife yẹn, á yó, á sùn, àmọ́ ara rẹ̀ ò rí nǹkan kan mú. Ẹ jẹ́ kó ki débi pé tí ẹ bá fi ṣíbí bù ú, kò ní máa ṣàn bọ́ sílẹ̀.

Olóògùn Ìgboro:
Ẹ ra oògùn fítámì olómi fún un, yóò máa jẹun dáadáa. Èyí tí mo fún tèmi nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé:
Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ọn. Oògùn fítámì ò lè dípò oúnjẹ, owó ajílẹ̀ wọn ló sì máa bá a lọ. Fítámì A tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ ní oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà síra wọn, ẹ rí i pé ẹ gba ìyẹn fún un, mà.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò. Oríṣi oúnjẹ 8 ni wọ́n máa ń kà fún ọmọ oṣù 6 sí 23: ọmú ìyá, ọkà pẹ̀lú iṣu àti irú wọn, ẹ̀wà pẹ̀lú ẹ̀pà àti irúgbìn, wàrà, ẹran àti ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti èso tó ní fítámì A, ẹ̀fọ́ àti èso yòókù. Ó kéré tán, ó yẹ kí 5 wọ inú ọmọ lóòjọ́. Nínú ohun tí ẹ kọ, tí a bá yọ ìwọ̀nba tó bá he nínú abọ́ alẹ́, méjì péré ni mo rí: ọmú àti àgbàdo. Ṣùgbọ́n ẹ wo oko yín. Ẹ fi ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà kún un, ó di mẹ́ta. Ẹyin, mẹ́rin. Ẹ̀fọ́ tí ewé rẹ̀ dúdú dáadáa, tí ẹ kán òróró díẹ̀ sí, márùn-ún. Ẹ ò tíì ra nǹkan kan lọ́jà.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin:
Omijé bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yìí, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi kejì gan-an nìyí. Àwa àgbẹ̀, èyí tó dára là ń tà, èyí tó fọ́ tàbí tó ti bu là ń gbé sílé. Ẹ̀pà tó ti bu kì í ṣe oúnjẹ ọmọ o! Májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin ń wà nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa, sísè àti yíyan kì í pa á tán. Ẹ kọ́kọ́ ṣa ti ọmọ sọ́tọ̀ kí oníbàárà tó dé.

Mo máa ń yan ẹ̀pà, màá lọ̀ ọ́ kúnná, màá fi ṣíbí kan sínú ẹ̀kọ rẹ̀. Ẹ má fún un ní odindi ẹ̀pà, ó lè há a lọ́fun. Ẹ̀wà náà, màá bó èèpo rẹ̀, màá sè é rọ̀, màá tẹ̀ ẹ́. Ẹja gbígbẹ tí ẹ bá rí, ẹ yọ eegun rẹ̀, ẹ gún un lúbúlúbú.

Ẹ fún un ní abọ́ tirẹ̀. Ọmọ oṣù 14 ò lè bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ du oúnjẹ.

Ìyá Olóko:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò jìn. Apá rẹ̀ jẹ́ 12.7. Mo ki ẹ̀kọ náà láàárọ̀ yìí, àmọ́ ìyá ọkọ mi ní kò lè gbé e mì, ó ń tu ú jáde. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé mò ń bá wọn wí. Kí ni mo lè ṣe?

Bàbá Alágbàdo:
Ìyàwó wa, ẹ rẹ àgbàdo sómi mọ́jú. Kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi oògùn sí fún gbígbìn o. Ẹ dà á sórí aṣọ mímọ́, kó hù fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ sá a gbẹ, ẹ gbo gbogbo èéhù àti gbòǹgbò rẹ̀ dànù, kí ẹ wá lọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ ọkà bàbà, ẹ rí i pé kò ṣẹ́ ku rárá, torí májèlé wà nínú èéhù tirẹ̀. Tí ẹ bá se ẹ̀kọ tó ki tán, tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, ẹ fi ṣíbí kékeré kan nínú ìyẹ̀fun yìí rò ó. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò rọ̀ fúnra rẹ̀ láìfi omi kún un. Ẹ tún gbé e kaná kó hó kí ọmọ tó jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹyin, ẹ jẹ́ kí n bá ọkọ yín sọ ọ́ bí ọkùnrin sí ọkùnrin. Èmi náà ń ta gbogbo ẹyin tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé káàdì ọmọ mi lé mi lọ́wọ́ ni mo tó mọ ohun tí mò ń tà. Adìẹ kan ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ọmọ, ohunkóhun tó bá yé, kó má dé ọjà.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé:
Ẹ ṣé, bàbá wa. Mà, ẹ mú ìyá ọkọ yín dání nígbà tí ẹ bá tún ń lọ wọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ fúnra wọn. Àwọn ló ń bọ́ ọ, àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lóòjọ́ ni kó máa jẹ, pẹ̀lú ìpápánu díẹ̀ láàárín. Kí wọ́n jókòó kọjú sí i, kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n má fipá rọ ọ́. Ọmọ tó kọ ṣíbí kìíní lè gba ìkẹta. Àti ọṣẹ: kí wọ́n fi fọ ọwọ́ tiwọn àti ti ọmọ, torí ìgbẹ́ gbuuru lè kó èrè ohun tó jẹ lọ.

Ìyá Olóko:
Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo padà dé. Ìyẹ̀fun àgbàdo tó hù yẹn ṣiṣẹ́! Ìyá ọkọ mi ló ń lọ̀ ọ́ báyìí, wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, àwọn kàn ti gbàgbé ni. Bàbá rẹ̀ gbà kí ẹyin mẹ́rin máa kù sílé lọ́sẹ̀. Mi ò tíì jiyàn lórí ìyókù, àmọ́ mi ò tíì dákẹ́. Ọmọ ti ní abọ́ pupa tirẹ̀, ó máa ń gbé e tẹ̀ lé mi kiri. Ọ̀la ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní ká wá wọ̀n ọ́n. Màá wá sọ bó ṣe rí fún yín.